Àmì Orí Ẹkùn

Kí a tó sọ ohunkóhun, ó yẹ kí a kọ́kọ́ ka orúkọ ọkùnrin náà tán, nítorí bí ó bá jókòó tì wá báyìí, kò ní jẹ́ kí ìtàn bẹ̀rẹ̀ láìkà á: Ọlọ́lá Jùlọ, Alhaji Yẹ̀kínì Àjàní Òṣínówò, Káńsẹ́lọ̀ Àtijọ́, Alága Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan Ọmọ Yorùbá ní Woolwich, ní Thamesmead àti ní Gbogbo Agbègbè Wọn, Olùṣọ́ Ẹnubodè Ọba, Baba Àwọn Ọmọ Tí A Bí Sókè Òkun, Ẹni Tí Ó Ti Dé Róòmù.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yìí dẹ́rù bà yín. Bí a bá tú u palẹ̀ bí ẹni tú ẹrù, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀. Káńsẹ́lọ̀ yẹn, oṣù mẹ́rìnlá péré ló fi ṣe é nílẹ̀ Ìjẹ̀bú kí àwọn ṣọ́jà tó dé, tí wọ́n ní kí gbogbo wọn máa lọ sílé. Ẹnubodè Ọba ni géètì ilé iṣẹ́ ìbọn àtijọ́ tó wà létí odò ní Woolwich, níbi tó ti ń wo káàdì àwọn tó ń wọlé. Nítorí pé orúkọ ọba wà lára orúkọ ilé iṣẹ́ náà, Alhaji gbà pé òun àti Ọbabìnrin jọ ń ṣiṣẹ́ ni. Gbogbo Agbègbè Wọn ni ojúlé mẹ́ta kan ní Plumstead. Ní ti Róòmù, ọkọ̀ òfuurufú tó ń gbé e lọ sí Èkó ló yà síbẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin, wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀ kalẹ̀.

Kafilat ló máa ń ka orúkọ náà. Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́, nítorí ó ti ṣe tíṣà rí ní Ìbàdàn, ọwọ́ rẹ̀ sì dára lórí ìwé. Ní ọdún 1993 tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, ilé àwọn arúgbó kan lórí òkè Shooters Hill ló ti ń ṣiṣẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù, yóò dìde nínú gbọ̀ngàn tí ẹgbẹ́ ń lò ní Thamesmead, yóò ka orúkọ alága láti òkè dé ìsàlẹ̀, àwọn ènìyàn yóò máa pàtẹ́wọ́ ní ìdí oyè kọ̀ọ̀kan. Ìgbà náà ni Alhaji yóò tó jáde láti inú ilé ìdáná gbọ̀ngàn, níbi tó ti ń dúró. Bí àtẹ́wọ́ kò bá dùn mọ́ ọn, yóò padà sínú ilé ìdáná, wọn yóò sì tún orúkọ kà. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n kà á. Tawfiq, igbákejì alága, tó ń wa minikábù, ló ní kí wọ́n tún un kà lẹ́ẹ̀kẹta. Ó ní ohùn Kafilat kò ní ìbẹ̀rù nínú tó.

Kafilat kò bínú. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ju ti orúkọ lọ. Ọmọ kan ṣoṣo ló ní, Nusirat, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ìlú London ni wọ́n bí i sí, kò sì mọ "ẹ" yàtọ̀ sí "o". Ó bá Alhaji pàdé ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ kan, ó fi gbogbo ọkàn kí i, ó ní, "Uncle, ṣé o ti jẹun?" Alhaji dá ìpàdé dúró, ó sì fi ogójì ìṣẹ́jú sọ̀rọ̀ lórí bí ọmọ tí kò mọ "ẹ" ṣe lè ba orílẹ̀-èdè jẹ́. Ọmọ náà fetí sílẹ̀ dáadáa. Nígbà tó parí, ó ní, "Ó yé mi, Uncle. O ṣé."

Kì í ṣe èyí náà ló ń dun Kafilat. Títì ni. Títì fífẹ̀ kan wà láàárín iléèwé àti àwọn ilé gíga tí wọ́n ń gbé ní Thamesmead, àwọn mọ́tò sì ń sá lórí rẹ̀ bí ẹni pé ilé olówó wọn ń jó. Nínú oṣù Kọkànlá, tí ilẹ̀ ti ń ṣú ní aago mẹ́rin, Nusirat àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọjá bọ̀, jígí ẹ̀gbẹ́ mọ́tò kan kọ́ báàgì rẹ̀, ó já a gbà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì gbé e lọ. Ọmọ náà rìn délé, okùn báàgì nìkan ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Mummy, báàgì mi ti lọ." Kafilat fi okùn náà sínú pọ́ọ̀sì ara rẹ̀, kò sì yọ ọ́ mọ́.

Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ti di aago mẹ́ta ààbọ̀ lórí òkè Shooters Hill, ọwọ́ rẹ̀ yóò dúró lórí ohun yòówù tó bá ń ṣe. Ife tíì a wà lọ́wọ́ ọ̀tún, síbí a wà lọ́wọ́ òsì, ojú a wà lára aago. Ó ti kọ́ Nusirat pé bí ó bá délé, kó tẹ fóònù ibi iṣẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀mejì, kó sì gbé e sílẹ̀. Àwọn arúgbó òyìnbó tó ń tọ́jú ti mọ̀ ọ́n. Gbogbo wọn a dákẹ́, wọn a máa retí. Bí fóònù bá dún lẹ́ẹ̀mejì tó sì dákẹ́, wọn a jọ mí kanlẹ̀, wọn a máa mu tíì wọn tó ti tutù.

Ó wá kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí kánsù pé kí wọ́n kun ìlà funfun sí títì náà, èyí tí mọ́tò gbọ́dọ̀ dúró fún. Ó ń kan ilẹ̀kùn kiri. Bí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, a lọ sí Beresford Square, a dúró ní ibi tí wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì, a ní kí ènìyàn bá òun fọwọ́ sí i. Yorùbá fọwọ́ sí i, Ìbò fọwọ́ sí i, òyìnbó fọwọ́ sí i, títí ó fi pé igba ènìyàn ó lé mẹ́rìnlá lórí ewé ìwé mọ́kànlá. Veronica, obìnrin tó ń rí sí ọ̀rọ̀ títì ní kánsù, sọ fún un pé ìwé náà yóò wúlò gan-an bí ó bá gba ọwọ́ alága ẹgbẹ́ wá, tí alága fọwọ́ sí i, tó sì dé kí Ọjọ́bọ kẹrin nínú oṣù Kẹta tó kọjá. Bí ọjọ́ náà bá kọjá, ó di ọdún mìíràn kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́ títì kankan.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1994, Kafilat kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìwé náà fún alága. Alhaji wọ̀n ọ́n wò lọ́wọ́ bí ẹni wọn ẹja.

"Igba ó lé mẹ́rìnlá?"

"Igba ó lé mẹ́rìnlá, sà."

"Gbogbo wọn ló sì wà lábẹ́ ẹkùn mi," ni Alhaji wí. Ó tì í mọ́nú àpótí ìwé rẹ̀, ó sì yí nọ́ńbà rẹ̀ pa.

Bóyá ìwé náà ì bá dé kánsù bí kì í bá ṣe ti ará Ítálì kan. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé kan, tẹlifíṣàn ń sọ ìtàn ọkùnrin ará Ítálì tó ti wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn rí. Òṣèlú sú u, ó jókòó, ó kọ ìwé, ó wá ṣe fíìmù, ayé sì ń pàtẹ́wọ́ fún un. Alhaji rí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sùn lọ, àtẹ́wọ́ ìparí ló jí i. Àárín ni iṣẹ́ wà. Ibẹ̀ ni Alhaji sùn sí.

Ní ìpàdé tó tẹ̀lé e, ó bọ́ síwájú, ó na apá méjèèjì.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi, òṣèlú ti kéré jù fún mi. Aṣọ tí mo dá nígbà èwe ni, ó ti fún mi lápá. Ará Ítálì kan ti ṣe é, ẹ má sì gbàgbé pé èmi náà ti dé Róòmù. Láti òní lọ, mo di òǹkọ̀wé. Tí mo bá kọ ìwé tán, mo di onífíìmù. Iṣẹ́ tiyín ò pọ̀. Ẹ máa yìn mí, èmi á máa gbà á mọ́ra."

Tawfiq sunkún ayọ̀, ó sì dá a lábàá pé kí wọ́n máa pe alága ní Ẹkùn Thamesmead. Wọ́n fọwọ́ sí i. Wọ́n tún fọwọ́ sí i pé ẹni tó bá kí i gbọ́dọ̀ sọ pé "Ẹkùn", kí alága sì fi ikọ́ dáhùn. Ọ̀rọ̀ ìlà títì fún àwọn ọmọ, tó jẹ́ ọ̀rọ̀ keje lórí ìwé ìpàdé, ni wọ́n sún sí ìpàdé mìíràn, nítorí pé ikọ́ ti gba gbogbo àsìkò.

Báyìí ni ìwé bẹ̀rẹ̀. Alhaji a máa sọ ọ́, Kafilat a máa fi taipuráítà tẹ̀ ẹ́ nígbà ìsinmi ọ̀sán níbi iṣẹ́. Ojú ìwé mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọjá kí wọ́n tó bí Alhaji. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, ó sì dá, Alhaji ní ìtìjú ló mú òjò. Orí kan wà lórí Róòmù, ojú ìwé mẹ́sàn-án, nípa gbogbo ohun tó rí láti ojú fèrèsé ọkọ̀ òfuurufú, ìyẹn ọkùnrin kan tó mú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Orí tó sọ̀rọ̀ àwọn ọ̀tá rẹ̀ ló kúrú jù. Ọ̀tá kan ṣoṣo ló rántí, ọmọ tó nà án ní pírámárì.

Ìgbàkígbà tí Kafilat bá kó ojú ìwé tuntun lọ bá a, a béèrè ìwé kánsù. Lọ́jọ́ kan, Alhaji ní ó ti wà lọ́nà. Lọ́jọ́ kejì, ó ní ó wà lọ́wọ́ tó dára. Lọ́jọ́ kẹta, ó kàn wúkọ́ ni, Kafilat kò sì mọ bóyá "bẹ́ẹ̀ ni" ni, tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́".

Níbí yìí, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ rọra, nítorí ìlà kékeré kan tí kò gùn ju ìrù kòkòrò lọ ló fọ́ gbogbo rẹ̀. Taipuráítà Kafilat kò ní àmì ohùn. Bí ó bá tẹ ọ̀rọ̀ tán, a fi bírò dúdú ya àmì sí i lórí lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni fi iyọ̀ sọ́bẹ̀, kò ní pọ̀ jù, kò ní dín. Ọjọ́ tó gbé èèpo ẹ̀yìn ìwé dé, ó ti kọ ọ́ ní lẹ́tà gbàǹgbà: ẸKÙN THAMESMEAD. Alhaji gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀.

"Kí ni ìlà tó dorí kodò yìí?"

Kafilat ṣàlàyé bí ó ti máa ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ní Ìbàdàn: re, dò. Ohùn a máa wálẹ̀ ní ìparí orúkọ ẹranko náà.

"Ohùn ẹlòmíì ló ń wálẹ̀," ni Alhaji wí. "Tèmi ò wálẹ̀ rí. Ìwọ rí olórí ìlú tí wọ́n ya ìlà lé lórí, tí ìlà wá kọjú sílẹ̀? Jẹ́ kó gòkè."

"Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, bó bá gòkè, kì í ṣe ẹranko mọ́. Ẹkún ni. Omijé."

"Ìyá Nusi, ẹ̀yin obìnrin, kò sí ohun tí ẹ kì í rí omijé nínú ẹ̀."

Ó gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ọ̀dà funfun pa ìlà náà rẹ́, ó sì ya tirẹ̀ sókè, ó gùn, ó yọ kọjá orí lẹ́tà. Ó ya bẹ́ẹ̀ sórí ìwé ìkéde tí wọ́n máa tẹ̀, ó tún ní kí wọ́n ya bẹ́ẹ̀ sórí aṣọ gígùn tí wọ́n máa gbé kọ́ sí gbọ̀ngàn. Ó pe Tawfiq wá wò ó. Tawfiq ní láti ìgbà tí ìlà ti kọjú sókè, ojú òun gan-an ti ń ríran sí i.

Kí ààwẹ̀ tó wọlé, wọ́n ya fíìmù. Dúrótìmí, tó máa ń fi kámẹ́rà rẹ̀ ya ìkómọjáde, ló yà á. Alhaji ra búláńkẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ẹkùn ní Beresford Square, ó fi bora, ó sì dúró létí ọ̀kan nínú àwọn adágún Thamesmead láti bá àwọn èrò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìwé tí wọ́n kọ bí a ṣe ń fọ búláńkẹ́ẹ̀tì náà sí ń fì léjìká rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù dé ìparí. Ọjọ́ iṣẹ́ ni, èrò kankan kò wá, àfi àwọn pẹ́pẹ́yẹ ńláńlá ọrùn gígùn tó ń gbé inú adágún. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ títí Alhaji fi na ọwọ́ tó ní, "Ẹ̀yin tí mo dá nídè, ẹ sún mọ́ mi." Wọ́n sún mọ́ ọn. Ọ̀kan fi ẹnu mú etí búláńkẹ́ẹ̀tì. Ẹkùn sáré, ó gba ẹ̀gbẹ́ odò, ó gba abẹ́ afárá, Dúrótìmí kò sì pa kámẹ́rà. Nígbà tí èémí Alhaji balẹ̀, ó ní kí wọ́n má gé e kúrò, pé ibẹ̀ ni ogun ti bẹ̀rẹ̀.

Ó wá ku ìparí. Alhaji ti ṣàkíyèsí pé bí fíìmù gidi bá parí, orúkọ a máa yí gòkè lọ rẹpẹtẹ. Níbo ni wọ́n ti máa rí orúkọ? Ó rántí àpótí ìwé rẹ̀. Ó fi sísọ́ọ̀sì gé orí ewé mọ́kọ̀ọ̀kànlá kúrò, níbi tí wọ́n kọ ẹ̀bẹ̀ sí. Dúrótìmí fi gọ́ọ̀mù lẹ ìyókù mọ́ ẹ̀yìn bébà tí wọ́n fi ń ṣe ògiri lọ́ṣọ̀ọ́, wọ́n ká a mọ́ igi ìgbálẹ̀, wọ́n sì ń yí i níwájú kámẹ́rà. Orúkọ igba ènìyàn ó lé mẹ́rìnlá ń gòkè lọ lábẹ́ àkọlé tuntun: ÀWỌN TÓ FẸ́RÀN MI. Ní wákàtí náà gan-an, Kafilat wà lórí òkè, ife tíì lọ́wọ́ kan, síbí lọ́wọ́ kejì, ó ń wo aago.

Wọ́n fi ìfihàn fíìmù sí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀. Wọ́n lẹ ìwé ìkéde mọ́ ara ògiri kiri Woolwich, mọ́ ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí, mọ́ ibi tí wọ́n ti ń ta iṣu. Àwòrán Alhaji wà láàárín, nínú agbádá, ó wo ọ̀kánkán. Lókè àwòrán, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: ẸKÚN THAMESMEAD. Nísàlẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ wà, ọjọ́, àkókò, àti pé gbogbo ẹbí, ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ ni a pè.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Bí ẹ bá rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ lára ògiri, kí ni ẹ̀yin ì bá rò?

Gbọ̀ngàn náà kò kún bẹ́ẹ̀ rí. Kafilat dé, ó rí èrò tó ń bọ́ọ́lẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, àwọn kan ti Peckham wá, àwọn kan ti Dalston. Aṣọ wọn kò tàn, ìborùn àwọn obìnrin sì wá sílẹ̀ dé ojú. Obìnrin àkọ́kọ́ tó pàdé lẹ́nu ọ̀nà di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ó ní, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù, Auntie." Ìgbà náà ni ó yé e. Ó yára wọlé láti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Alfa Ọládèjì, àgbà mọ́ṣáláṣí, ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà òkú, a kì í sì í já àdúrà mọ́ Alfa lẹ́nu. Nínú ilé ìdáná, Alhaji wà nínú búláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ń retí kí wọ́n pe orúkọ òun. Ó gbọ́ àmín, àmín. Ó rò pé irú àtẹ́wọ́ tuntun kan ni.

Alfa ṣe àdúrà dé ibì kan, ó dánu dúró. Ó ní kí wọ́n tó bá òkú tọrọ àforíjìn, kí ẹnì kan jẹ́rìí sí oore kan tó ṣe láyé, kó jẹ́ pàtó. Wọ́n wo ara wọn. Tawfiq dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka oyè láti Ọlọ́lá Jùlọ dé Róòmù.

"Oyè nìyẹn," ni Alfa wí. "Oore ni mo bèèrè."

Tawfiq jókòó.

Fèrèsé kékeré kan wà tí wọ́n máa ń gba ojú rẹ̀ gbé oúnjẹ jáde láti ilé ìdáná. Kafilat rí i tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí díẹ̀, ojú kan sì fara hàn nínú àlàfo náà. Ẹnikẹ́ni kò dìde títí ojú inú fèrèsé náà fi ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin.

Ìyá àgbàlagbà kan wá dìde lẹ́yìn. Ìyá Níkẹ́ ni, tó ń tọ́jú ọ́fíìsì ní Woolwich.

"Èmi mọ oore kan," ni ó wí. "Ọkùnrin yìí ló bá wa gbé ìwé lọ sí kánsù, kí mọ́tò má baà pa àwọn ọmọ wa. Mo fọwọ́ sí i níbi bọ́ọ̀sì. Ọmọ-ọmọ mi ń gba títì yẹn kọjá lójoojúmọ́. Kí Ọlọ́run tìtorí ẹ̀ forí jìn ín."

Àmín tí wọ́n ṣe lẹ́yìn rẹ̀ mi fèrèsé. Àwọn obìnrin tó ní ọmọ níléèwé náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún tòótọ́, wọ́n ń fi ìborùn nu ojú. Kafilat nìkan ni kò sunkún. Ojú fèrèsé ló ń wò. Ojú tó wà níbẹ̀ wò ó padà, lẹ́yìn náà ó kúrò.

Ilẹ̀kùn ilé ìdáná ṣí, òkú jáde nínú awọ ẹkùn.

Ìyókù kò ṣeé ròyìn tán. Àga wó lu àga. Bàbá kan tó ti sọ lọ́jọ́ náà pé òun kò lè rìn láìsí ọ̀pá ló kọ́kọ́ dé ìta. Alfa Ọládèjì nìkan, tó ti sin òkú púpọ̀ tí èyíkéyìí kò sì padà wá rí, ló dúró sójú kan. Ó bi òkú náà pé ṣé Yẹ̀kínì ni.

"Èmi ni, sà."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Kafilat gbọ́ ọ tó dáhùn orúkọ rẹ̀ láìfi nǹkan kan lé e lórí. Nígbà tí àwọn tó sá ti ń yọjú padà, tí ara ti ń balẹ̀, Alfa ní ohun kan ló kù tí òun fẹ́ mọ̀.

"Oore tí ìyá yìí sọ, ṣé òótọ́ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni" ni ọ̀rọ̀ tó rọrùn jù. Bí Dúrótìmí bá pa ẹnu mọ́, ẹnì kan péré ló kù tó lè já a nírọ́. Alhaji wò ó. Kafilat kò mi orí. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú pọ́ọ̀sì, lórí okùn báàgì kan. Alhaji padà sínú ilé ìdáná, ó sì gbé bébà ògiri tí wọ́n ká mọ́ igi ìgbálẹ̀ jáde.

"Ibí ló wà," ni ó wí. "Mi ò gbé e lọ. Mo gé orí ẹ̀, mo fi ṣe fíìmù."

Ohùn rẹ̀ wálẹ̀ ní ìparí ọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí Kafilat ti kọ́ ọ. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú búláńkẹ́ẹ̀tì, ó sì sunkún bí ọmọdé, lábẹ́ aṣọ gígùn tí wọ́n gbé kọ́ sókè orí rẹ̀. Ẹni tó bá sì mọ̀wé kà lọ́jọ́ náà yóò rí i pé kò sí àṣìṣe kankan mọ́ lára aṣọ náà.

Kafilat tú bébà náà wò. Ó rí àwọn orúkọ, ó rí ojú ibi tí sísọ́ọ̀sì gbà. Ìbínú wà nínú rẹ̀ tó lè sun gbọ̀ngàn náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ráyè jáde.

"Alhaji, Ọjọ́bọ yìí ni ọjọ́ kánsù."

Alfa Ọládèjì ló dá ẹjọ́ tó kù. Ó ní a ti ṣe fìdáù fún alága, òun kò sì rí i nínú ìwé kankan pé ẹni tí a ti ṣe fìdáù fún lè máa darí ìpàdé. Tawfiq ti í lẹ́yìn kó tó sọ ọ́ tán, ó sì wúkọ́ díẹ̀, bóyá wọ́n lè fi òun jẹ alága. Ìyá Níkẹ́ ni wọ́n fi jẹ alága.

Ní ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta tó tẹ̀lé e, Kafilat àti Alhaji jọ ń kan ilẹ̀kùn pẹ̀lú ìwé tuntun. Ní ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́, Alhaji bẹ̀rẹ̀ láti orí Ọlọ́lá Jùlọ. Kafilat wò ó, Alhaji sì gé e síbẹ̀. Ní ẹnu ọ̀nà kejì, àwọn ará ilé pariwo, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ní ti ẹ̀kẹta, obìnrin òyìnbó kan tó ń jẹ́ Chloe bi í pé ta ni. Alhaji ronú pẹ́, ó ní ará àdúgbò ni òun. Nígbà tó fi di Ọjọ́rú, orúkọ ti di igba ó lé mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ ló ṣílẹ̀kùn kí wọ́n lè fojú rí òkú. Orúkọ tó kẹ́yìn, Yẹ̀kínì Òṣínówò lásán ni. Ìyá Níkẹ́ fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí alága, ní ọ̀sán Ọjọ́bọ Veronica sì lu òǹtẹ̀ lé e.

Kánsù fèsì pé àwọn yóò kun ìlà, ṣùgbọ́n ó di ọdún tó ń bọ̀. Títí dìgbà náà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa dá mọ́tò dúró fún àwọn ọmọ láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Ó ti tó ọdún méjì tí wọ́n ti ń wá ẹni tí yóò ṣe é, òtútù ń lé àwọn tó bá wá. Veronica bèèrè bóyá Kafilat mọ ẹnì kan. Ọdún náà gan-an ni wọ́n ti ilé iṣẹ́ ìbọn Woolwich pa, tí géètì kò sì ní ẹni tí yóò wọlé mọ́. Kafilat ní òun mọ ọkùnrin kan tó fẹ́ràn kó máa dúró níwájú ènìyàn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n wọlé ní oṣù Kẹsàn-án, Kafilat gba àyè níbi iṣẹ́. Ó dúró ní òdìkejì títì, ní ibi bọ́ọ̀sì, okùn báàgì nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀. Alhaji wọ ẹ̀wù yẹ́lò tó kan kókósẹ̀, ó dé fìlà, ó mú ọ̀pá gígùn olórí roboto tí àwọn ọmọ ń pè ní lólípọ́ọ̀pù. Fúláàsì tíì rẹ̀ wà lórí kọ́ọ̀bù létí títì. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ Ẹkùn sára fúláàsì náà, ìlà kékeré orí rẹ̀ sì dorí kodò.

Àwọn ọmọ pé jọ sétí títì. Alhaji wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rìn lọ sáàárín, ó gbé ọ̀pá sókè, ó na ọwọ́ kejì. Bọ́ọ̀sì dúró. Ọkọ̀ búrẹ́dì dúró. Minikábù kan dúró tí Tawfiq wà nídìí rẹ̀. Kò sí ẹni tó ka orúkọ kankan. Gbogbo títì dúró dìgbàrọ̀ fún Yẹ̀kínì Òṣínówò, bí kò ti dúró fún un rí láti ọjọ́ tó ti dé ìlú yìí.

Àwọn ọmọ ń kọjá ní méjì méjì. Nusirat dé àárín, ó dúró díẹ̀, ó gbé ojú sókè wò ó.

"Ẹ ṣé, sà," ni ó wí.

Kafilat gbọ́ ọ láti ibi tó wà. Alhaji kò gbọ́. Ojú rẹ̀ wà lára àwọn mọ́tò.